Nígbà Tí Ìtọ̀ Bá Gbé Àgbà Dìde Lóru

Ìwé pélébé kan wà tí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ṣe fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè. Ìbéèrè 12 ló wà nínú rẹ̀, ìṣubú sì ni gbogbo wọn dá lé. Ṣé ẹ ti ṣubú láti bí ọdún kan sẹ́yìn? Ṣé ẹ máa ń di àga tàbí tábìlì mú kí ẹ tó lè rìn nínú ilé? Ṣé ó máa ń nira fún yín láti gbẹ́sẹ̀ gun etí títì? Èèyàn á ka ìwọ̀nyí, á mi orí pé òótọ́ ni. Àfi ìgbà tó bá kan ọ̀kan láàárín wọn: ṣé ẹ sábà máa ń sáré lọ sí ilé ìtọ̀? Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gba máàkì kan. Tí máàkì bá fi lè pé mẹ́rin, ewu ìṣubú ti wà nílẹ̀ nìyẹn, kí onítọ̀hún gbé ìwé náà lọ bá dókítà rẹ̀.

Kí ló kan ìtọ̀ kan ìṣubú? Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, nítorí pé láàárín àwa Yorùbá tó wà ní New York, láti Flatbush àti Canarsie ní Brooklyn títí dé Bronx àti Staten Island, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í pàdé lẹ́nu wa. Bí màmá bá ṣubú lóru, a ó ní ilẹ̀ ló yọ̀, tàbí ọjọ́ ogbó ló dé. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Bí màmá kan náà bá ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, a ó ní omi tó mu ló pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé: nígbà tí ẹ ṣubú yẹn, níbo lẹ ń lọ?

Ìṣubú àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣubú lọ́dọọdún lára àwọn tó ti pé 65 ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ìgbà ni wọ́n ń gbé àgbà dé yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dún nítorí rẹ̀, kò sì sí ìfarapa mìíràn tó ń pa àwọn ọlọ́jọ́ orí yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì. Ìgbáròkó ló ń bani lẹ́rù jù: nínú àwọn ìgbáròkó àgbà tó kán, èyí tó pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé ìṣubú ló kán an, pàápàá ìṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Bó ṣe rí nílé ní Nàìjíríà náà nìyẹn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí ńlá lórí ogbó ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àwọn àgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lé ní 2,000. Nǹkan bí 23 nínú 100 ló ní àwọn ti ṣubú láàárín oṣù 12.

Ẹ̀rí pé ìtọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2000, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde lórí àwọn obìnrin àgbà tó lé ní 6,000. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn tí ìtọ̀ ń já lára wọn sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wúkọ́, bí wọ́n bá sín, tàbí tí ẹ̀rín pa wọ́n, ìtọ̀ á ta díẹ̀ sí aṣọ. Àwọn kejì ni àwọn tí ìtọ̀ ń gbọ̀n lójijì, tó jẹ́ pé bí wọn kò bá sáré, ó ti bọ́ nìyẹn. Lára àwọn kejì yìí, àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ewu ìṣubú wọn fi nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, ewu pé egungun wọn á kán sì fi nǹkan bí ìdá 34 lé sí i. Àwọn oníkọ́ àti onísín ńkọ́? Ewu tiwọn kò lé rárá.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé omi tó dà sílẹ̀ ló ń yọ̀ wọ́n ṣubú ni, ìhà méjèèjì ni ì bá máa ṣubú. Eré tí wọ́n ń sá lọ sí ilé ìtọ̀ ló jọ pé ó ń gbé wọn ṣubú. Àwọn ọkùnrin kò sì yọ sílẹ̀: nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2009, lórí àwọn ọkùnrin 5,872 tó ti pé 65 sókè, àwọn tí wàhálà ìtọ̀ wọn le gan-an, ewu pé wọ́n á ṣubú lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan fi ìdá 63 nínú 100 ju ti àwọn tí ìtọ̀ kò dà láàmú lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ara. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gba nǹkan bí 400 sí 500 mílílítà, ìyẹn tó ike omi kan tí wọ́n ń tà lójú pópó. Bí ó bá ti ń dé ìdajì, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á ní kó ṣì fara balẹ̀. Ọ̀dọ́ lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, kó sì jókòó wo bọ́ọ̀lù tán. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, iṣan àpò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ pọ̀ láìgba àṣẹ, ìwọ̀n tó lè gbà á dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í lè tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan mọ́. Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ni àti ìgbà tí yóò bọ́ á wá kúrú. Fún ọkùnrin, próstéètì tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká á máa tóbi, á máa fún ọ̀nà náà; ìtọ̀ á máa dá dúró lójú ọ̀nà, á máa kán tótó, ó sì ń kù sínú. Kí baba má ṣe rò pé jẹjẹrẹ ni gbogbo próstéètì tó tóbi. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí jẹjẹrẹ próstéètì ti ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń pa àwọn aláwọ̀ funfun, kí baba jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò fún méjèèjì.

Òru ló wá burú jù. Nígbà tí èèyàn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọpọlọ máa ń tú họ́mónù kan jáde lálẹ́ tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti lọ, họ́mónù yìí ń dín kù lóru, kíndìnrín á wá di òṣìṣẹ́ òru. Lórí ìyẹn, ẹsẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Màmá tó jókòó sórí àga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń tọ́jú ọmọ ọmọ tàbí tó ń wo fíìmù, omi ara rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, títí ẹsẹ̀ á fi dà bíi tánkì tí wọ́n ti pọnmi kún. Bó bá wá nà sórí ibùsùn lálẹ́, omi yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ. Nítorí náà, ìtọ̀ tó gbé màmá dìde ní aago kan òru lè má jẹ́ omi tó mu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó lè jẹ́ èyí tó ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sán. Ẹ tẹ awọ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìka ní ìrọ̀lẹ́. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jinkòtò tí kò tètè kún padà, omi ló wà níbẹ̀.

Oògùn náà wà nínú rẹ̀. Amlodipine, tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi furosemide, ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan, kì í sì í ṣíwọ́ kí wákàtí mẹ́fà tó kọjá. Mo mọ àwọn màmá tí kì í lò ó láàárọ̀ nítorí pé wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì fẹ́ kó dójú tì wọ́n nínú bọ́ọ̀sì. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣètò àìsùn. Àtọ̀gbẹ tí kò sí lábẹ́ àkóso ń fa omi jáde lára pẹ̀lú ṣúgà. Ọkàn tó ti rẹ̀ ń jẹ́ kí omi kó sẹ́sẹ̀. Baba tó ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun, ọkàn rẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó da omi nù, tó fi jẹ́ pé ìtọ̀ ni baba rò pé ó jí òun, kò mọ̀ pé èémí ni. Òtútù náà ń mú ni tọ̀, ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé ní oṣù Kejìlá ti mọ èyí kí n tó sọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé obì. Kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì àti gbànja pẹ̀lú, bàbá tó sì ń jẹ ẹ́ lálẹ́ kò lè máa di ẹ̀bi ru omi nìkan.

Ó yá, àgbà ti jí, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ibùsùn àti balùwẹ̀?

Bó bá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ sí ẹsẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi dìde, dókítà ní orúkọ fún un, àwa sì mọ̀ ọ́n sí òòyì. Ojú àgbà kì í tètè mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn. Ọpọlọ pàápàá kò wà lójú kan. Lọ́dún 2011, wọ́n fún àwọn oníwádìí kan tó ní Peter Snyder lára ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tó kọ́kọ́ ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú, nítorí pé wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le máa mu omi, kí wọ́n sì máa mú un mọ́ra títí kò fi ṣeé mú mọ́ra mọ́. Bí ìtọ̀ ṣe ń gbọ̀n wọ́n dójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn kò pa pọ̀ mọ́, bíi ti ẹni tí kò sùn fún wákàtí 24. Ọ̀dọ́ nìyẹn o. Ní Glasgow, ní Scotland, àwọn oníwádìí tún wo ìrìn àwọn obìnrin nígbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n gan-an: ìrìn wọn falẹ̀, ìṣísẹ̀ wọn sì kúrú. Àgbà kò lè ronú ìtọ̀, kó ronú ẹsẹ̀, kó tún ronú ohun tó wà nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé New York kò sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ yẹn, èyí tí wọ́n kọ́ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí kò ní fèrèsé ló gba ti yàrá lọ sí balùwẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, òkúta mábù pẹlẹbẹ kan ga sókè díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ kì í rí i, àgbà tí kì í gbẹ́sẹ̀ ga kì í ré e kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táìsì wẹ́wẹ́ onígun mẹ́fà tó ń yọ̀ bí omi bá kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ ṣubú á na ọwọ́ mú ohun tó bá rí, ohun tó sì máa rí ni irin tí wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́, tí wọn kò ṣe láti gbé èèyàn ró. Ẹ wá fi tiwa kún un. Màmá ń sun yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ jí wọn, kò tan iná. Ìró tó ró sùn ti tú, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Sílípáàsì tó wọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ń sáré.

Lọ́sàn-án, ìlú fúnra rẹ̀ ló kù. Nǹkan bí 1,000 ni gbogbo ilé ìtọ̀ ará ìlú tó wà ní New York, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ 472 ló wà. Wọ́n ti ilé ìtọ̀ wọn pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nígbà kòrónà, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí padà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ní 2024, Eric Adams tó jẹ́ olórí ìlú nígbà yẹn kéde pé wọ́n á kọ́ tuntun 46, wọ́n á tún 36 ṣe, wọ́n sì fi èyí tó wà nílẹ̀ sórí Google Maps. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti mọ̀ pé òun kò ní í rí ibi tọ̀ kì í dúró de olórí ìlú. Kì í mu omi ni, tàbí kó má jáde rárá. Àìmu omi ń jẹ́ kí òòyì kọ́ọ̀yàn, ó sì ń jẹ́ kí ìtọ̀ ki, kó máa ta àpò ìtọ̀. Àìjáde ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára. Méjèèjì padà ń bí ìṣubú.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Mary Tinetti, dókítà àwọn àgbà ní Yunifásítì Yale, tí kò jìnnà sí New York bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1995 pé ohun kan náà ló ń fa ìṣubú, tó ń fa kí ìtọ̀ máa bọ́, tó sì ń sọ àgbà di ẹni tí a ń bá ṣe gbogbo nǹkan: ẹsẹ̀ àti apá tí kò lágbára, ojú àti etí tó ti ṣe bàìbàì, àti ìbànújẹ́ ọkàn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìtọ̀ jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun kan ló bí òun àti ìṣubú.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí á ní kí wọ́n fún òun ní oògùn ìtọ̀. Ẹ rọra. Tamsulosin, doxazosin àti terazosin tí wọ́n ń fún àwọn baba fún próstéètì ń dẹ iṣan ọ̀nà ìtọ̀, wọ́n sì lè dẹ ti òpó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, kí òòyì wá kọ́ baba bó bá dìde. Oxybutynin tó ń mú àpò ìtọ̀ dákẹ́ lè mú ọpọlọ àgbà dákẹ́ pẹ̀lú: ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ọn lójú. Ó wà lára àwọn oògùn tí ìwé Beers ń kìlọ̀ fún àgbà nípa wọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà ní Amẹ́ríkà, tí ọ́fíìsì wọn wà ní New York níbí, ló ń tún ìwé náà ṣe látìgbàdégbà. Ti 2023 ló kẹ́yìn lára èyí tí mo mọ̀. Mirabegron tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2012 kì í sábà da ọpọlọ láàmú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Àwọn oògùn oorun tí ẹ ń rà láìgba ìwé dókítà, bíi Tylenol PM, ní diphenhydramine nínú, ìwé Beers kan náà sì ní kí àgbà yẹra fún un. Ẹni tó lò ó á sùn lóòótọ́. Ìtọ̀ á sì tún jí i, á wá fi oorun lójú rìn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣì ṣe. Bí àgbà bá ṣubú, tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n bá kòkòrò nínú rẹ̀, kíá ni ẹbí á ní kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò. Kòkòrò máa ń wà nínú ìtọ̀ ọ̀pọ̀ àgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àrùn àkóràn ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 sọ pé bí àgbà tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì bá ṣubú, tí ìtọ̀ kò ta á, tí kò ní ibà, kí wọ́n wá ohun mìíràn tó fa ìṣubú náà, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n má kàn fún un ní apakòkòrò. Bí ìtọ̀ bá ń ta á gbuu, tí ara rẹ̀ gbóná, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, kí ó tètè lọ.

Kí la lè ṣe? Ìwé àti ife tí wọ́n sàmì ìwọ̀n sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àgbà máa tọ̀ sínú ife náà, kó kọ aago àti iye tó tọ̀ sílẹ̀. Ẹ ro ti òru papọ̀, kí ẹ fi ìtọ̀ àkọ́jí òwúrọ̀ kún un. Bí gbogbo èyí tó tọ̀ láàárín wákàtí 24 bá jẹ́ 1,500 mílílítà, tí ti òru inú rẹ̀ sì jẹ́ 700, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ: omi òru ló pọ̀ jù, ẹsẹ̀ wíwú, ọkàn, oorun àti aago oògùn ni kí dókítà wò. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń tọ̀, tọ̀sán-tòru, àpò ìtọ̀ tàbí próstéètì ni. Bó bá pọ̀ gan-an lọ́sàn-án àti lóru, ẹ yẹ ṣúgà wò. Ìwé yìí wúlò fún dókítà ju kí èèyàn kàn ní ‘mo ń tọ̀ jù’ lọ.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kó gbé e sókè lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí tánkì yẹn ti já kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó dín omi mímu kù láti bí wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kó tó sùn, ṣùgbọ́n kó mu tó lọ́sàn-án. Ògì àti omi ọbẹ̀ alẹ́ náà, omi ni wọ́n. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, kí ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé gbé sí àárọ̀ tàbí ọ̀sán. Ẹ má dá a gbé, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Bí ìtọ̀ bá wá ń gbọ̀n ọ́n lójijì, ohun tó yẹ kí àgbà ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un. Kó má sáré. Kó jókòó tàbí kó dúró gbọn-in, kó fún iṣan abẹ́ pọ̀, iṣan tí a fi ń dá ìtọ̀ tàbí ìsó dúró, kíá kíá, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, láìdi èémí. Gbígbọ̀n náà máa ń ga bí ìgbì, á sì tún rọlẹ̀. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ ni kó rìn, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán: Kathryn Burgio àti àwọn oníwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í wé oxybutynin láàárín àwọn obìnrin tó ti pé 55 sókè, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Ìtọ̀ tó ń bọ́ fi nǹkan bí ìdá 81 nínú 100 dín kù fún àwọn tó kọ́ ọ, ó sì fi ìdá 69 dín kù fún àwọn tó lo oògùn.

Lóru, kó jókòó sí etí ibùsùn fún bí ìṣẹ́jú kan, kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ kó tó dìde. Kí gíláàsì ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kí ẹ ki àwọn iná kéékèèké tó ń tàn fúnra wọn bí èèyàn bá kọjá mọ́ ògiri láti yàrá dé balùwẹ̀. Wọn kì í jí ọmọdé. Kó fi nǹkan tí kò gùn dé ilẹ̀ sùn dípò ìró. Kí baba jókòó tọ̀ lóru, nítorí pé àwọn kan máa ń dákú bí wọ́n bá tọ̀ lórí ìdúró tán. Bí balùwẹ̀ bá jìnnà, ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tàbí àga oníhò tó ní ike lábẹ́. Kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ìyá ńlá wa kò mọ̀ ọ́n sí ìtìjú.

Ní ti irin ìdìmú nínú balùwẹ̀, ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ ẹ̀tọ́ wọn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìlú New York, bí àìlera bá mú kí àgbà nílò irin yẹn, onílé ló gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀, òun ló sì máa sanwó rẹ̀, àfi tó bá lè fi hàn pé ìnira rẹ̀ pọ̀ jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìwé sí onílé, kí ẹ sì fi lẹ́tà dókítà tì í. Bó bá kọ̀, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú. Kí wọ́n dè é mọ́ igi inú ògiri pẹ̀lú ìdè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ táìsì tó ń fa ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà 311 yẹn kan náà ló máa júwe ibùdó àwọn àgbà tó sún mọ́ yín, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní tai chi àti eré ìdárayá tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára.

Ìtìjú ló ṣẹ́ kù. Ìyá kan kò ní í sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ lójú ọmọkùnrin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn náà ló mú un wá ọ́fíìsì dókítà, òun náà ló sì ń túmọ̀. Dókítà á bi í, ìyá á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ yin ọmọ náà, ṣùgbọ́n kó bọ́ síta díẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn ilé ìwòsàn 11 ti NYC Health + Hospitals, èdè tó lé ní 200 ni wọ́n ń rí ògbufọ̀ sí, lórí fóònù, tọ̀sán-tòru. Ẹ sọ fún wọn pé Yorùbá ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin ni ẹ fẹ́ kó túmọ̀ fún yín. Ẹni tó ní Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àwọn àgbà, ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ọdọọdún kan tí kì í san owó fún, wọ́n sì máa ń bi í nípa ìṣubú nínú rẹ̀.

Bí àgbà bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn bíi warfarin tàbí Eliquis, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá sì fara pa, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí di ìgbà mìíràn tí dókítà ní kí ẹ wá. Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ní alẹ́ òní: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jí tọ̀ lánàá? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fún dókítà.